Ọkọ̀-Ilé Tàbí Mòtẹ́ẹ̀lì: Èwo Ló Sàn Fún Arìnrìn-àjò?

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni mo fẹ́ bá yín sọ: ibi tí arìnrìn-àjò ń sùn, ohun tí ó ń ná an, àti ìgbádùn tí ó ń rí níbẹ̀.

Àwọn àgbà sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà ti wá ọgbọ́n dá sí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ń gbé ilé dání lọ sí àjò! Ọkọ̀ kan wà lọ́dọ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní RV; èmi yóò máa pè é ní ọkọ̀-ilé. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ààrò gáàsì wà níbẹ̀, fíríìjì wà níbẹ̀, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Òmíràn ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Òmíràn sì wà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn kí ó máa wọ́ ọ lọ. Ìlú Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana àti àyíká rẹ̀ lókìkí jù nínú ṣíṣe wọn.

Èkejì ni mòtẹ́ẹ̀lì. Ilé àlejò ẹ̀bá títì ni, níbi tí ọkọ̀ rẹ ti lè dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn yàrá rẹ gan-an. Ní ọdún 1925, Arthur Heineman ṣí èyí tí ó kọ́kọ́ jẹ́ orúkọ yìí sí ìlú San Luis Obispo ní California. Ó pa orúkọ mọ́tò pọ̀ mọ́ ti òtẹ́ẹ̀lì, ó sì di ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ní ọdún 2023, Ọlọ́hun fún mi láǹfààní láti lọ kí àbúrò mi ọkùnrin tí ó ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Ìyá wa tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní àádọ́rin ti ṣáájú mi débẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, a rin ìrìn-àjò méjì. A fi ọkọ̀-ilé tí a háyà lọ wo ọ̀gbun ńlá tí wọ́n ń pè ní Grand Canyon ní Arizona. Lẹ́yìn náà, a fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àbúrò mi lọ sí Memphis ní ìpínlẹ̀ Tennessee, a sì ń sùn sí mòtẹ́ẹ̀lì. Ẹni mẹ́fà ni wá lẹ́ẹ̀mejèèjì: àbúrò mi, ìyàwó rẹ̀ tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ wọn méjì, ìyá wa, àti èmi. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

ÌṢIRÒ OWÓ

Púpọ̀ ènìyàn rò pé ẹni tí ó bá ti gbé ilé dání ti bọ́ lọ́wọ́ ìnáwó. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀, bí a ti ń ṣe é nígbà tí a bá ń kọ́ ìmọ̀ ogún pípín. Àpẹẹrẹ ni iye tí mo fẹ́ lò yìí o, nítorí pé owó ọjà a máa lọ sókè, a máa lọ sódò.

Láti Houston dé Grand Canyon tó bí 1,200 máìlì. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,400. Ọkọ̀-ilé a máa mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ: gálọ́ọ̀nù kan lè má gbé e kọjá 10 máìlì, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lè fi gálọ́ọ̀nù kan náà rin 25. Nítorí náà, ọkọ̀-ilé yóò mu gálọ́ọ̀nù 240, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ yóò mu 96. Bí gálọ́ọ̀nù kan bá jẹ́ dọ́là 3, epo ọkọ̀-ilé jẹ́ dọ́là 720, ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ jẹ́ 288.

Ká ní òru mẹ́jọ ni a fẹ́ lò. Bí owó háyà ọkọ̀-ilé bá jẹ́ dọ́là 150 lóòjọ́, ìyẹn 1,200. Ibùdó tí a ó ti so ọkọ̀ mọ́ iná àti omi lálẹ́, ká pè é ní 50 lóòjọ́, ìyẹn 400. Oúnjẹ tí a fọwọ́ ara wa sè, ká ní 40 lóòjọ́ fún ẹni mẹ́fà, ìyẹn 320. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ dọ́là 2,640.

Ẹ wá wo ti mòtẹ́ẹ̀lì. Yàrá méjì ni ẹni mẹ́fà yóò gbà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 80 lóru, òru mẹ́jọ yóò jẹ́ 1,280. Oúnjẹ rírà, ká ní 30 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, ìyẹn 1,440. Bí a bá fi epo 288 kún un, ó di dọ́là 3,008. Ọkọ̀-ilé fi dọ́là 368 dín sí i.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ tọkọtaya nìkan ló ń lọ ńkọ́? Yàrá kan, oúnjẹ ẹni méjì àti epo yóò jẹ́ 1,408 ní mòtẹ́ẹ̀lì. Ọkọ̀-ilé yóò gba 2,440 lọ́wọ́ wọn, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi dọ́là 15 péré jẹun lóòjọ́, nítorí pé háyà, ibùdó àti epo kò mọ̀ bóyá ẹni méjì ló wà nínú rẹ̀ tàbí mẹ́fà. Ohun kan sì tún wà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ọkọ̀-ilé háyà a máa gba owó máìlì lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá gba sẹ́ǹtì 25 lórí máìlì kọ̀ọ̀kan, 2,400 máìlì yóò gba dọ́là 600, èrè 368 ti wọlẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń dín ìnáwó kù: wọ́n a máa sùn sórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ní apá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà tí ènìyàn lè dúró sí lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ 14. Ṣùgbọ́n kò sí iná níbẹ̀, kò sí omi ẹ̀rọ. Ẹni tí ó wà nínú mòtẹ́ẹ̀lì náà lè gbé kúlà àti búrẹ́dì dání kí oúnjẹ má baà gbówó lọ. Ẹ ti rí i pé owó nìkan kò lè dá ẹjọ́ yìí.

ÌGBÁDÙN ỌKỌ̀-ILÉ

Bí mo bá ní ọkọ̀-ilé kò dùn, irọ́ ni mo pa. Kò sí pé à ń wá oúnjẹ haláàlì kiri lójú títì. Ibi tí ebi bá ti pa wá, ibẹ̀ la dúró sí, ìyá wa a sì máa rokà. A jẹ àmàlà nínú aṣálẹ̀ New Mexico! Bí ìrun bá tó, a ó yà sí ibi ìsinmi ẹ̀bá títì, a ó tẹ́ ẹní, a ó sì kírun bí a ti ń kí i fún arìnrìn-àjò. Orúnkún a máa dun ìyá wa, wọn kì í sì í lè dúró pẹ́ bí wọ́n bá fẹ́ lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín àga wọn àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí awakọ̀ bá ti dúró, wọ́n ti débẹ̀.

Nígbà tí a dé etí ọ̀gbun náà, tí jíjìn rẹ̀ ju máìlì kan lọ, tí odò Colorado ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀ bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀ nínú wa. Ìyá wa ń pe orúkọ Ọlọ́hun ni. Lálẹ́, ìràwọ̀ kún ojú ọ̀run. Àwọn ọmọ jókòó ti ìyá wọn àgbà lórí ibùsùn kan, wọ́n ń gbọ́ àlọ́, wọ́n sì ń gbọ́ oríkì ìran wọn. Àbúrò mi ń ṣe iṣẹ́ méjì ní Houston. Ìgbà tó bá ń wọlé, àwọn ọmọ a ti sùn. Nínú ọkọ̀-ilé yìí, kò síbi tí ẹnikẹ́ni fẹ́ lọ. Abọ́ kan là ń jẹ, ààfin ìrun kan là ń tò sí.

Ẹ̀yin ọmọ kéwú wa, ẹ fetí sí èyí pẹ̀lú. Omi inú ọkọ̀-ilé ní òdiwọ̀n. Nígbà tí a sùn síbi tí kò sí omi ẹ̀rọ, àwọn ọmọ méjèèjì kọ́ bí a ti ń fi omi kékeré ṣe àlùwàlá tó pé. Ohun tí a ń sọ fún yín lójoojúmọ́ pé kí ẹ má fi omi ṣòfò, táǹkì ló kọ́ wọn.

IṢẸ́ TÓ WÀ NÍDÌÍ RẸ̀

Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ilé ni ìkarahun fún ìgbín, ẹrù náà sì ni. Táǹkì mẹ́ta ló wà lábẹ́ ọkọ̀-ilé: ti omi mímọ́, ti omi ìdọ̀tí tí a fi wẹ̀ tí a fi fọ abọ́, àti ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ti ìkẹta yìí, ọwọ́ ènìyàn ni yóò fi ọ̀pá rọ́bà gbọọrọ tú u dànù níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Àbúrò mi a wọ ìbọ̀wọ́, a gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òun náà ló ń wa ọkọ̀ gíga náà nínú afẹ́fẹ́ líle tó ń tì í sọ́tùn-ún sósì. Òun ló ń wá ibi tó tẹ́jú tí yóò gbé e sí. Ẹni tí ó gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ tún ti rí iṣẹ́ mìíràn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, mo ń yin ọkọ̀ náà. Ìyàwó àbúrò mi tí ó ń fọ ìkòkò dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Àáfà, ẹ̀yin rí ilé ìdáná tó ń bá wa rìn. Èmi rí iṣẹ́ tó ń bá mi rìn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. A ti kọ́ yín nílé-kéwú pé Ànábì wa a máa bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣiṣẹ́ ilé. Lójú ẹsẹ̀, a pín iṣẹ́. Abọ́ fífọ̀ di tèmi, ibùsùn títẹ́ di ti àwọn ọmọ, oúnjẹ àárọ̀ sì di ti àbúrò mi. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó wa ti ń rí àyè jókòó síta wo ìràwọ̀ pẹ̀lú wa.

TI MÒTẸ́Ẹ̀LÌ

Lójú ọ̀nà Memphis, mo rí ìyàtọ̀. A sanwó, wọ́n fún wa ní kọ́kọ́rọ́, ó parí. Omi gbígbóná ń yọ bí ẹni pé kò ní tán. Aṣọ ibùsùn funfun, ẹlòmíràn ló fọ̀ ọ́, ẹlòmíràn ni yóò sì ká a. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ìyàwó àbúrò mi padà sùn títí oòrùn fi yọ. Ó ní òun kò rántí ìgbà tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ kẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n yàrá méjì náà kò fara kanra. Àwọn ọmọ wà lọ́hùn-ún pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n, ìyá wa sì wà níhìn-ín tí wọ́n ń bèèrè wọn. Oúnjẹ àárọ̀ tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀. Tíì àti búrẹ́dì la rí mú. Ìyá wa kò ní ohun tí wọn yóò fọwọ́ kàn. Wọ́n ní, "Ṣé bí a ó ṣe máa jókòó lójú kan nìyí?"

Ní Memphis, a lọ wo Lorraine Motel, níbi tí wọ́n ti yìnbọn pa Dókítà Martin Luther King ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 1968. Láti 1991 ni ó ti di ilé ìtàn fún ìjà ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn dúdú. Kí òfin tó dé ní 1964, ọ̀pọ̀ ilé àlejò Amẹ́ríkà kì í gba ènìyàn dúdú sílé, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ pé tó. Láti 1936, Victor Green tí ó jẹ́ akólẹ́tà ti ń tẹ ìwé atọ́nà kan, Green Book, tí ó ń sọ ibi tí wọn yóò ti gba ènìyàn dúdú. Lorraine jẹ́ ọ̀kan nínú irú ibi bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá rí ibì kankan, inú ọkọ̀ rẹ̀ ni yóò sùn sí. Nígbà tí òfin dé, onímòtẹ́ẹ̀lì kan ní Atlanta pe ìjọba lẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì dá a lẹ́bi ní oṣù kejìlá ọdún kan náà.

Mo sọ fún àwọn ọmọ àbúrò mi níbẹ̀ pé ẹni tí ó sùn nínú ọkọ̀ nítorí pé ó wù ú, àti ẹni tí ó sùn nínú ọkọ̀ nítorí pé wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn, oorun wọn kì í ṣe ọ̀kan. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n jù sí wa láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn kan ti fi ẹ̀mí wọn san owó rẹ̀.

ÌMỌ̀RÀN MI

Ẹni tí ó bá fẹ́ rin irú àjò yìí, ohun mẹ́ta ni kí ó kà. Èkíní, kí ó ka orí: bí wọ́n bá pọ̀, ọkọ̀-ilé lè gbè wọ́n, bí wọ́n bá jẹ́ méjì, mòtẹ́ẹ̀lì ló rọrùn. Èkejì, kí ó ka máìlì: ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú dídúró díẹ̀, epo ni yóò jẹ owó náà tán; bí ẹ ó bá pẹ́ lójú kan, ọkọ̀-ilé dára. Ẹ̀kẹta, èyí tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, kí ó ka ọwọ́: ta ni yóò se oúnjẹ, ta ni yóò wakọ̀, ta ni yóò tú táǹkì? Ìgbádùn tí ó bá jẹ́ pé orí ẹnì kan ṣoṣo ni ìnira rẹ̀ dá lé, ó kù díẹ̀ káàtó.

Mo bi ìyá wa pé èwo ni wọ́n yàn nínú méjèèjì. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọkọ̀-ilé ni, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, kí ẹlòmíràn rokà.

Ẹ̀yin òbí wa, ìbáà jẹ́ ní Amẹ́ríkà ni o, ìbáà jẹ́ ọ̀nà abúlé wa níbí, bí ẹ bá ń kó ẹbí lọ sí àjò, ẹ pín iṣẹ́ kí ẹ tó pín ìgbádùn. Kí Ọlọ́hun Ọba máa ṣọ́ wa ní àlọ, kí ó máa ṣọ́ wa ní àbọ̀, kí ó jẹ́ kí a máa bá ilé láyọ̀. Àmín.