Níbo Ni Ilé Àwọn Òbí Rẹ̀ Wà?

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní, kí ló kan pásítọ̀ nínú bọ́ọ̀lù? Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba Katako wa níbí kọjá ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn onípákó bá ti ń palẹ̀ mọ́, ẹ ó rí i pé ibi gbogbo tí àyè bá ti ṣí sílẹ̀ díẹ̀ ni àwọn ọmọ wa ti ń gbá a. Òmíràn wọ bàtà, òmíràn ò wọ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé Jos yìí kan náà ni John Obi Mikel àti Ahmed Musa ti jáde. Àwọn òbí wọn náà mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń pe ara wọn ní éjẹ́ǹtì náà mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Òfin kan wà tó ní kí ọmọdé tó fẹ́ kúrò ní ẹgbẹ́ kan bọ́ sí òmíràn dúró ná. Ọ̀pọ̀ òbí ka òfin yìí sí ọ̀tá ọmọ wọn. Ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ká tó dá a lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Arákùnrin kan tó ti inú ìjọ wa lọ sí Amẹ́ríkà ń gbé ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Àwa ará Jos rò pé a mọ òtútù. Ti ibẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Omi adágún máa ń dì níbẹ̀ tí èèyàn á máa rìn lórí rẹ̀. Eré tí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ fẹ́ràn gidigidi ni hockey orí yìnyín: wọ́n á wọ bàtà onírin tó ń yọ̀, wọ́n á mú ọ̀pá gígùn lọ́wọ́, wọ́n á máa fi lé nǹkan pẹlẹbẹ kan kiri. Ọmọ arákùnrin yìí mọ eré náà, ó sì fẹ́ kúrò ní ilé-ìwé girama rẹ̀ lọ sí òmíràn tí ẹgbẹ́ hockey rẹ̀ lágbára jù. Bàbá rẹ̀ pè mí lórí fóònù pẹ̀lú ìbínú. Ó ní, "Pásítọ̀, wọ́n ní bí ọmọ mi bá pààrọ̀ ilé-ìwé, kò ní lè wà nínú ẹgbẹ́ àgbà ilé-ìwé tuntun yẹn fún odidi ọdún kan. Ṣé torí pé a jẹ́ àjòjì ni?"

Kì í ṣe torí àjòjì. Gbogbo ọmọ ló wà fún. Ní ìpínlẹ̀ yẹn, ọmọ tó bá pààrọ̀ ilé-ìwé girama, tí ìdí rẹ̀ kò sí lára èyí tí òfin fàyè gbà, yóò jókòó sí ẹ̀bá pápá fún ọdún kan ní ti ẹgbẹ́ àgbà. Ó lè máa bá àwọn ẹgbẹ́ kékeré gbá a. Lára ohun tí òfin fàyè gbà ni pé kí àwọn òbí rẹ̀ fúnra wọn kó kúrò ní àdúgbò àtijọ́ lọ sí àdúgbò tuntun. Ẹ kíyè sí i dáadáa. Bí ọmọ náà ti ń sáré tó kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé: níbo ni ilé àwọn òbí rẹ̀ wà? Bí ilé bá ṣí, kí ọmọ tẹ̀ lé ilé. Bí ilé kò bá ṣí, kí ló ń gbé ọmọ kiri?

Ìbéèrè yìí kan náà ni FIFA ń béèrè lórí bọ́ọ̀lù tiwa. Láti ọdún 2001 ni wọ́n ti fi sínú ìlànà wọn pé agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ ti orílẹ̀-èdè kan lọ forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Àyè díẹ̀ ló ṣí sílẹ̀. Ọ̀kan ni pé kí bàbá àti ìyá ọmọ ti ṣí lọ sí orílẹ̀-èdè náà fún ìdí tí kò jẹ mọ́ bọ́ọ̀lù. Òmíràn ni ti ọmọ tó ń gbé létí ẹnubodè: bí ilé rẹ̀ kò bá ju kìlómítà 50 sí ẹnubodè, tí ẹgbẹ́ tó wà lódìkejì náà kò sì ju kìlómítà 50 sí i, ó lè máa lọ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, kó sì máa padà wá sùn lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ilé náà ni wọ́n tún ń wò.

Òfin yìí kì í sì í ṣe ti ẹnu lásán. Ní 2014, FIFA fìyà jẹ Barcelona, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ wa ń wọ aṣọ rẹ̀ káàkiri Katako, torí pé wọ́n gba àwọn ọmọdé láti ilẹ̀ òkèèrè láìtẹ̀lé ìlànà. Odidi ọdún 2015 ni wọn kò fi lè forúkọ agbábọ́ọ̀lù tuntun sílẹ̀.

Ẹ wá wo àwọn ọmọ Jos méjì tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Mikel lọ sí ẹgbẹ́ Lyn ní Oslo, ní Norway. Ní oṣù Kẹrin 2005, kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tó pé ọmọ ọdún 18 tí Manchester United kéde pé àwọn ti gbà á. Chelsea ní rárá, tàwọn ni. Ọ̀rọ̀ di ẹjọ́ láàárín àwọn àgbààgbà, kò sì parí títí di oṣù Kẹfà 2006, nígbà tí Chelsea gbà láti san mílíọ̀nù 16 pọ́n-ùn: mílíọ̀nù 12 fún Manchester United, mílíọ̀nù 4 fún Lyn. Ó yọrí sí rere fún un, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ló ń jìyà. Bí ọmọ ọdún 18 bá lè bọ́ sáàárín irú ìjà bẹ́ẹ̀, kí ni ọmọ ọdún 14 máa rí?

Ti Ahmed Musa yàtọ̀. Ẹgbẹ́ JUTH níbí ni wọ́n ti yá a fún Kano Pillars, ibẹ̀ ló sì ti gbá góòlù 18 ní sáà kan ṣoṣo. VVV-Venlo ní Netherlands fẹ́ ẹ ní 2010, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pé. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n dúró. Ó pé ọdún 18 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, kí oṣù náà sì tó parí ó ti wà lórí pápá fún Venlo. Ní 2014, ó gbá góòlù méjì sínú àwọ̀n Argentina ní Ìdíje Àgbáyé ní Brazil. Ẹ má ṣì mí gbọ́: kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá dúró ló máa di Musa. Ohun tí mò ń sọ ni pé dídúró kò pa ẹ̀bùn rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ti wọ inú ìjọ wa. Ìyá kan nínú wa wá bá mi lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì Ọjọ́rú. Ó gbà kí n sọ ọ́, bí n kò bá ti dárúkọ. Ọkùnrin kan ti rí ọmọ rẹ̀ lórí pápá, ó ní òun máa gbé e lọ sí òkèèrè. Nǹkan mẹ́ta ni ọkùnrin yìí ń béèrè: lẹ́tà láti ìjọ pé ọmọ náà ti pé ọdún 18, ìwé tí ìyá máa fọwọ́ sí pé òun ti fi ọkùnrin náà ṣe alágbàtọ́ ọmọ, àti 650,000 náírà. Ìyá yìí ti ń wá ẹni tó máa ra fírísà tó fi ń tajà.

Ó ní, "Pásítọ̀, lẹ́tà lásán ni, sà. Ẹ ṣáà kọ ọ́."

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ bí i. Ọmọ ọdún mélòó ni?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ọdún 15 ni, sà. Ṣùgbọ́n ta ló máa mọ̀?"

Mo mú ìwé tí a fi ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tí a yà sí mímọ́ fún Olúwa jáde. Orúkọ ọmọ náà wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bí i wà níbẹ̀. Mo wá bi í léèrè pé, "Ọkùnrin yẹn, níbo ló ń gbé?" Kò mọ̀. "Bí ara ọmọ yìí kò bá yá lóru níbẹ̀, ta ni wọ́n máa pè?" Kò dáhùn. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohun tó sọ wọ̀ mí lára. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kó má lọ yìí, ṣé ẹ̀yin lẹ máa sanwó ilé-ìwé ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìyá tó ń dá gbọ́ bùkátà kò fẹ́ràn irọ́ ju àwa lọ. Ojú ló pọ́n ọn. N kò kọ lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ síwájú àwọn àgbà ìjọ, ìjọ sì ti gbà láti san owó WAEC ọmọ yìí nígbà tó bá dé ibẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin yẹn gbọ́ pé kò sí lẹ́tà, kò sì sí owó, kò padà wá mọ́. Ọmọ ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì ń lọ sí ilé-ìwé.

Àwọn kan á ní, irọ́ ọjọ́ orí, ta ló kú sí i? Ẹ rántí pé ní 1989, FIFA lé orílẹ̀-èdè wa kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún méjì, torí pé ọjọ́ ìbí agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta kò bára mu láti ìdíje kan sí òmíràn. Ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ti 1991 tí à bá gbà lálejò bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, Portugal ló gbà á. Àwọn ọmọ tí kò purọ́ kankan ló jókòó sílé.

Inú Bíbélì náà, ọmọ méjì kúrò nílé. Ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì orí 37. Ọmọ ọdún 17 ni Jósẹ́fù. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tà á fún àwọn oníṣòwò tó ń lọ sí Íjíbítì, 20 owó fàdákà ni iye rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò mọ̀. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n mú wá sílé fún bàbá ni ẹ̀wù tí wọ́n rì sínú ẹ̀jẹ̀ ewúrẹ́. Ẹ wá ka 1 Sámúẹ́lì orí 1 àti 2. Hánà náà fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ṣílò, ọmọ náà sì kéré gan-an. Ṣùgbọ́n ìyá fúnra rẹ̀ ló mú un lọ, ó mọ Élì tó fi í lé lọ́wọ́, ó mọ ilé tí ọmọ máa sùn, ọdọọdún ló sì ń dá ẹ̀wù kékeré tó ń gbé lọ fún un. Ẹ wo ẹ̀wù méjèèjì yẹn. Ọ̀kan ni wọ́n fi purọ́ fún òbí; èkejì, òbí ló fi ń bẹ ọmọ wò.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ: Jósẹ́fù kúkú di olórí ní Íjíbítì. Bẹ́ẹ̀ ni. Ọlọ́run ló tún un ṣe. Kò sọ ọwọ́ àwọn tó tà á di mímọ́, kò sì dá omijé tí Jékọ́bù ti sun padà. Ẹ jẹ́ ká má fi àánú Ọlọ́run ṣe àwáwí fún ohun tí kò yẹ ká ṣe.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mú ọmọ yín lọ, ìbáà ṣe Èkó, Àbújá tàbí òkèèrè, ẹ bi í ní ìbéèrè Hánà: ta ni máa fi í lé lọ́wọ́, níbo ló máa sùn, ìgbà wo ni mo lè wá wò ó? Láti 2023, éjẹ́ǹtì tòótọ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ FIFA, ìdánwò ni wọ́n sì fi ń gbà á; ẹ ní kó fi hàn yín, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa bá yín wá orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá ní ẹgbẹ́ kan ló rán òun, ẹ wá nọ́ńbà ẹgbẹ́ náà fúnra yín, kì í ṣe èyí tó fún yín. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé alágbàtọ́ kankan fún àjòjì. Òfin Nàìjíríà ti 2003 lórí ẹ̀tọ́ ọmọ náà sọ pé ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé 18. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ṣòkùnkùn sí yín, NAPTIP wà fún irú rẹ̀, èmi náà sì wà níbí.

Ẹ̀yin tí Olúwa ti bù kún nínú ìjọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ "má lọ" nìkan la máa ń sọ fún àwọn ìyá. Àpótí ìrànlọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọ mìíràn wà lẹ́yìn èyí tí mo sọ.

Kí Olúwa ṣọ́ àwọn ọmọ wa ní àlọ àti àbọ̀ wọn. Àmín.