Ẹ̀rọ ń pariwo, wọn ò dúró! Ìrìn-àjò ìkẹyìn tó yẹ kó já sí Ìjú-Odò, l'Òṣòòrò

Ẹni tó bá kúrò l'Ékòó tó ń lọ sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀, Òrè ló máa kọ́kọ́ dé. Níbẹ̀ ni mọ́tò ti máa yà kúrò lójú títì márosẹ̀ tó lọ sí Bìní, tí yóò dorí kọ ọ̀nà Òkìtìpupa. Bí wọ́n bá ṣe ń lọ ni ilẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i, tí ọ̀pẹ ń pọ̀ sí i, tí afẹ́fẹ́ náà sì ń tutù bíi ti ibi tí omi ò jìnnà sí. Àwọn tó mọ ọ̀nà ọ̀hún dáadáa mọ̀ pé ilẹ̀ olómi ni wọ́n ń wọ̀ yẹn, nítorí bí èèyàn bá rìn kọjá Òkìtìpupa, tó gba Igbókọ̀dá lọ tààrà, etí òkun àwọn Ìlàjẹ ló máa já sí.

Nínú ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa yìí ni Òṣòòrò wà. Ìlútitun, Igbótako, Ìjú-Odò àti Ìjú-Òkè wà lára àwọn ìlú ibẹ̀, Rẹbùjà sì ni oyè ọba wọn. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló gbajúmọ̀ níbẹ̀. Epo pupa ń bẹ, ẹ̀gẹ́ ń bẹ, bẹ́ẹ̀ ni púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi èéfín gbẹ, tí ọmọ Ìkálẹ̀ kì í fi ṣeré rárá, kódà bó bá ti pé ogún ọdún tó ti ń gbé Èkó.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má wá òkè lọ síbẹ̀ o. Òkè tí ìpínlẹ̀ Òǹdó fi ń yangàn, Ìdànrè ló wà, níbi tí àlejò ti ń gun àtẹ̀gùn 682 kó tó dé ìlú àtijọ́. Ti Òṣòòrò, ilẹ̀ tẹ́jú ni. Kò sí pápákọ̀ òfuurufú níbẹ̀ pẹ̀lú, Àkúrẹ́ ni ti ìpínlẹ̀ wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi bàálù wálé láti Èkó, Àkúrẹ́ ló máa bà sí, kó tó wá wọ mọ́tò. Àfi bí ẹni pé ilẹ̀ Òṣòòrò àti ọ̀rọ̀ fífò lójú òfuurufú ò ní nǹkan kan í ṣe pọ̀.

Irọ́ ni. Ọmọ Ìjú-Odò ni Ọ̀mọ̀wé Olúṣẹ́gun Agagu, ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ 16, oṣù kejì, ọdún 1948. Onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti epo rọ̀bì ni, ó sì ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó bọ́ sínú òṣèlú. Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé lọ́dún 1999, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé lé e lọ́wọ́ ni mínísítà fún ètò ìrìnnà ọkọ̀ òfuurufú. Lẹ́yìn náà ló ṣe mínísítà iná mànàmáná àti irin, kó tó wá di gómìnà ìpínlẹ̀ Òǹdó lọ́dún 2003. Ó wà lórí àga yẹn títí di oṣù kejì, ọdún 2009, tí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fi gbé ipò náà fún Dókítà Olúṣẹ́gun Mímíkò. Yunifásítì tó dá sílẹ̀ sí Òkìtìpupa, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é lónìí.

Ọjọ́ 13, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2013 ni ọlọ́jọ́ dé sí Agagu. Wọ́n palẹ̀ mọ́ láti gbé òkú rẹ̀ wálé, bàálù ni wọ́n sì fẹ́ fi gbé e láti Èkó sí Àkúrẹ́. Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 3, oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n gbé pósí rẹ̀ sínú bàálù kékeré kan, Embraer 120 tí wọ́n ṣe ní Brazil, ti iléeṣẹ́ Associated Airlines. Èèyàn 20 ló wà nínú rẹ̀, àwọn mọ̀lẹ́bí, àwọn aṣojú ìjọba, àwọn oníṣẹ́ ìsìnkú àti àwọn òṣìṣẹ́ bàálù. Ọ̀gbẹ́ni Déjì Fálaè, kọmíṣánnà fún àṣà àti ìrìn-àjò afẹ́ ìpínlẹ̀ Òǹdó, wà láàárín wọn.

Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, bàálù náà gbéra ní pápákọ̀ òfuurufú Múrítàlá Mùhámọ́ọ̀dù, èyí tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní Nàìjíríà. Kò rìn jìnnà rárá. Ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ náà ló já lulẹ̀ sí, iná sì sọ. Èèyàn 16 kú, Déjì Fálaè sì wà lára wọn. Ẹni tó ti fìgbà kan jẹ́ olórí ètò ìrìnnà òfuurufú ní gbogbo Nàìjíríà, òkú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ tí ọ̀ràn yìí fi ṣẹlẹ̀. Ilẹ̀ Ìjú-Odò ló padà gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ tó délé ti wá ju ẹyọ kan lọ.

Kí ló fà á? Níbi tí ẹjọ́ ti pọ̀ sí nìyẹn. Lójú ẹsẹ̀ làwọn kan ti ń sọ pé òkú ló bínú, táwọn mìíràn ń sọ pé ọwọ́ ayé ló wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo bàálù ńlá ló ní àpótí tó ń gba ohùn àti ìṣesí rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní àpótí dúdú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ ọsàn pípọ́n ni wọ́n ń kùn ún kí wọ́n lè tètè rí i. Àjọ tó ń wádìí ìjàmbá bàálù nígbà náà, AIB, tó ti di NSIB láti ọdún 2022, tú àpótí náà wò. Ohun tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀ ju ti òkú tó bínú lọ.

Kí bàálù tó gbéra, àwọn pẹpẹ kan wà lẹ́yìn apá rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní flaps. Bí wọ́n bá nà án síta bó ṣe yẹ, apá á fẹ̀ sí i, afẹ́fẹ́ á sì rí nǹkan gbé. Ẹ̀rọ kan wà tó ń ṣọ́ ọ. Bí páílọ́ọ̀tì bá ti iná mọ́ ẹ́ńjìnnì láti sáré, tí flaps ò sì sí níbi tó yẹ, ẹ̀rọ náà á máa fọhùn bí èèyàn: “Take-off flaps! Take-off flaps!” Ohùn yìí ni àpótí náà gbà sílẹ̀. Bàálù ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ni o, ẹ̀rọ ti ń pariwo, kò sì dákẹ́. Wọ́n ń sáré lọ ní tiwọn. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀kan nínú ẹ́ńjìnnì méjèèjì ò fún wọn ní agbára tó yẹ. Igbákejì páílọ́ọ̀tì tilẹ̀ béèrè bóyá kí àwọn pa eré náà tì. Wọn ò pa á tì. Nígbà tí wọ́n gbéra tán, ìkìlọ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀, èyí tó ń sọ pé afẹ́fẹ́ ò fẹ́ gbé apá bàálù mọ́. Nígbà yẹn, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Àwọn àgbà ní ẹni tí kò gbédè ẹga ló ń sọ pé ẹga ń pàtótó. Nínú ìwé tí AIB kọ, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ bí okùnfà ni ìpinnu àwọn awakọ̀ láti máa bá eré lọ nígbà tí ẹ̀rọ ti fi hàn pé nǹkan ò lọ déédéé. Wọ́n tún mẹ́nu ba ẹ́ńjìnnì tí ò ní agbára tó, wọn ò sì fi iléeṣẹ́ bàálù àti ìjọba tó yẹ kó máa ṣọ́ wọn sílẹ̀. Ẹ wò ó, bóyá òótọ́ ni ẹ̀rọ ń sọ, bóyá ẹ̀rọ náà ló bàjẹ́, ohun kan ṣoṣo ló yẹ ní ṣíṣe nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀: kí wọ́n dúró, kí wọ́n wò ó. Ilẹ̀ ò lé ẹnikẹ́ni.

Ibi tí èèyàn ti lè rí bí ìwà yìí ṣe yẹ kó rí, tó sì máa fojú ara rẹ̀ rí i, ó wà nítòsí, ní Gánà. Ní àdúgbò Kwahu, wọ́n ń ṣe ọdún kan láti 2005 nígbà Àjíǹde. Lórí òkè Odweanoma ní Atibie, àwọn èèyàn á fi okùn so ara wọn mọ́ aṣọ fẹ́rẹ́ kan tó nà bí ìyẹ́ adán ńlá, wọ́n á sáré díẹ̀ ní bèbè òkè, afẹ́fẹ́ á sì gbé wọn. Paragliding ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí ilẹ̀kùn, kò sí fèrèsé. Àlejò tí ò mọ̀ ọ́n fò á jókòó síwájú páílọ́ọ̀tì, wọ́n á jọ fò títí wọ́n á fi balẹ̀ sí pápá ìṣeré Nkawkaw nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ẹni tó bá ń wo eré yẹn láti ìsàlẹ̀ á rò pé fàájì lásán ni. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run tí wọ́n sọ pé ó tó ẹyẹ fò láì fara kanra, òfin ló ń jẹ́ kó tó. Bí méjì bá dojú kọra lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ẹni tí òkè wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀ ló máa yà, torí ẹni tí òkè wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò ní ibi tó máa yà sí. Bí wọ́n bá rí atẹ́gùn gbígbóná tó ń gòkè, apá tí ẹni àkọ́kọ́ bá ń yí sí ni gbogbo ẹni tó bá bá a níbẹ̀ máa yí sí. Ẹni tó wà lókè ló sì máa ṣọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀, nítorí aṣọ tó bo ẹni ìsàlẹ̀ lórí ò jẹ́ kó rí òkè.

Wọ́n ní ẹ̀rọ tiwọn náà. Kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní vario. Bí èèyàn bá ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́, vario sì ń mọ ìyàtọ̀ yẹn lójú ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá ń gòkè, á máa ké pín-pín-pín. Bí wọ́n bá ń lọ sílẹ̀, á fa ohùn rẹ̀ gùn bí ẹni tó ń kérora. Ìdí tó fi ń ké ni pé kí páílọ́ọ̀tì lè fi etí gbọ́ ọ, kí ojú rẹ̀ sì wà níta, lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń fò. Níbi tí èrò bá pọ̀ sí lókè, ẹni tó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ ti ń wá ẹni tó máa kọlù. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Àmọ́ ohun kan tó lè pa wọ́n ò nílò ẹ̀rọ rárá. Ẹlòmíràn á gbàgbé láti de okùn itan mọ́ra, á sì sáré kúrò lórí òkè. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi ń ka nǹkan kan náà sókè lójoojúmọ́, ìbáà jẹ́ ìgbà ẹgbẹ̀rún tí wọ́n máa fò: akoto lórí, okùn itan, okùn àyà, okùn aṣọ kò lọ́ra, afẹ́fẹ́ dára, ojú ọ̀nà ṣófo. Àṣà míì tún wà tó ju gbogbo ìyẹn lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí òkè, ìbáà jẹ́ ọmọ kékeré tó ń kọ́ṣẹ́, ló lè pariwo pé “Dúró!” Ẹni tó fẹ́ fò á dúró ná, á tó wá béèrè pé kí ló dé.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà fún ọmọ Yorùbá. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé a kì í já ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu. Ó dáa nílé, ó dáa lágbo àríyá. Ṣùgbọ́n nínú bàálù tó ń sáré lọ, ìgbákejì tó rọra béèrè lẹ́ẹ̀kan tó sì dákẹ́ ò ran ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀gá tó sì gbọ́ tí kò dúró ò ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni wọ́n fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀. Wọn ò sọ pé ọgbọ́n ọmọdé ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu nígbà tí ewu bá dé.

Ẹni tó bá sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wọ bàálù nìkan ni, kó lọ dúró ní gáréèjì Òkìtìpupa lọ́jọ́ ọjà. Iná pupa kan á máa tàn lójú díráfà, á ní ó ti pẹ́ tó ti ń tàn. Ìyá oníṣòwò tó jókòó lẹ́yìn á sọ pé táyà yìí ń dún, wọ́n á ní kí màmá fọkàn balẹ̀. Ọlọ́kadà á gbé akoto kọ́ ọwọ́ alùpùpù dípò orí. Lójú omi lọ́nà Ìlàjẹ, wọ́n á gbé ẹ̀wù tó ń léfòó sí abẹ́ ìjókòó. Gbogbo wọn ló ń pariwo “Take-off flaps” lédè tiwọn.

Ọ̀nà Òṣòòrò ṣì wà níbẹ̀, ọ̀pẹ ń so, púpurú ò sì tán lọ́jà. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó lọ. Àmọ́ kí mọ́tò tó ṣí, kó wo táyà, kó de bẹ́líìtì, bí díráfà bá sì ń sá eré àsápajúdé, kó lanu kó sọ̀rọ̀. Kó tún un sọ bí wọn ò bá dáhùn. Ẹni tó pẹ́ kó tó délé sàn ju ẹni tí wọ́n ń retí lọ.