Òkèlè Tó Ṣẹ́kù Sínú Àwo Ọmọ

Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ìwé kékeré kan ló tú mi fó. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń kọ gbogbo ohun tí mo bá fi kan ẹnu sínú rẹ̀, torí mo fẹ́ fọn. Àwo tèmi kọ́ ló ń mú mi sanra. Àwo àwọn ọmọ ni: òkèlè méjì tí àbúrò fi sílẹ̀, dòdò tí ẹ̀gbọ́n kò jẹ tán, ìdajì búrẹ́dì. Ìdúró ni mo ń jẹ wọ́n ní kíṣìnì, kí oúnjẹ má baà ṣòfò.

Ìwé yẹn kò sọ ìdí tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjókòó jẹ́ẹ́, kí n fọkàn sí èémí mi àti ohun tí mò ń ṣe, ló sọ ọ́. Jon Kabat-Zinn, tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìfọkànsí bẹ́ẹ̀ fún àwọn aláìsàn ní Massachusetts lọ́dún 1979, máa ń fún wọn ní èso àjàrà gbígbẹ kan ṣoṣo, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n rọra jẹ ẹ́. Ẹ̀pà lèmi lò. Kí n tó bu oúnjẹ, mo ń mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ń bi ara mi pé: ṣé ebi ni, àbí ó ti rẹ̀ mí? Lọ́pọ̀ alẹ́, ó ti rẹ̀ mí ni.

Ìjókòó nìkan kò tó o. Nínú ìwádìí ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2002, ṣíṣọ́ oúnjẹ àti eré ìdárayá ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ló dín àtọ̀gbẹ kù ní ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo bá jẹ àjẹjù, ìjókòó yẹn ni kì í jẹ́ kí n bínú ju ìwé mi nù.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ló ń dùn mí jù. Àwọn àgbà wa kì í jẹ́ kí ọmọdé sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Àwa ńkọ́? A tan tẹlifíṣọ̀n síwájú àwọn ọmọ wa. Ọmọ á ní òun ti yó, a ó ní, “Jẹ ẹ́ tán, kí n tó dìde!” Ta ló wà nínú ikùn ọmọ yẹn, àwa ni àbí òun?

Ní báyìí, díẹ̀ ni mò ń kọ́kọ́ bù fún wọn. Ẹni tí kò bá yó á tún béèrè. Lálẹ́ àná, àbúrò ti àwo rẹ̀ síwájú. “Mọ́mì, mo ti yó.” Mo bò ó, mo gbé e sí fíríìjì, mo pa iná kíṣìnì.