Kékeré Ni Egbò, Ẹ̀rù Rẹ̀ Kò Kéré

Ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí dá lórí ara àwọn àfín, àti ọkàn wọn pàápàá.

Awọ àfín kò ní àwọ̀ dúdú tí Ọlọ́hun fi ṣe ìbòrí fún awọ tiwa, nítorí náà oòrùn ilẹ̀ wa máa ń jó o gan-an. Ojú ibi tí oòrùn ti ń pa á ni jẹjẹrẹ awọ ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀: etí, imú, ètè, ọrùn. Tí wọ́n bá tètè rí i, wọ́n á gé e kúrò, ọ̀pọ̀ ló sì ń sàn pátápátá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n jẹ́ fún mi, àfín ni wọ́n. Ata ni wọ́n ń tà lọ́jà. Egbò kékeré kan wà létí wọn, tó ń san, tó tún ń yọ, fún oṣù mélòó kan. Dókítà gé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, ó ní jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n kò tíì ràn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n yọ ọ́. Gbogbo wa dúpẹ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú ẹ̀gbọ́n mi. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń gbé dígí, tí wọ́n ń fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo àmì ojú wọn. Wọn ò wá sí àsàlátù mọ́.

Kí ni àwọn èèyàn ń sọ fún wọn? "Ẹ ṣọpẹ́, ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n bá a." Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ni. Wọ́n sọ fún mi pé, "Alfa, kékeré ni wọ́n gé, ẹ̀rù tó fi sílẹ̀ kò kéré." Ẹ gbọ́ orúkọ àrùn náà fúnra rẹ̀: jẹjẹrẹ! Ta ni wọ́n máa sọ fún pé ó wà lára rẹ̀, tí àyà rẹ̀ kò ní já?

Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní iyọ̀ tí wọ́n ń jẹ ló fà á, pé àfín kì í jẹ iyọ̀. Irọ́ gbuu! Oòrùn ni, kì í ṣe iyọ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti alfa kan tó ní ẹkún wọn ń fi hàn pé ìgbàgbọ́ wọn kò pé. Ṣé Ànábì Yaqub kò sunkún Yusuf títí ojú rẹ̀ méjèèjì fi funfun ni? Ṣé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kò da omi lójú nígbà tí Ibrahim ọmọ rẹ̀ kú? Sùúrù kò ní kí ojú gbẹ. Òjíṣẹ́ kan náà ló sì ní ká máa wá ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́kọ́ jókòó tì wọ́n, tó béèrè bí wọ́n ṣe ń sùn. Ó ní kí wọ́n fi dígí alaalẹ́ sílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ọmọ wọn obìnrin bá wọn yẹ ara wò láti orí dé ẹsẹ̀, tí wọ́n bá sì rí egbò tuntun, kí wọ́n tètè wá. Ó jọ nǹkan kékeré, àmọ́ ẹ̀rù náà wá ní ọjọ́ tirẹ̀, kò gba gbogbo òru mọ́.

Híjáàbù wọn ń bo etí. Wọ́n tún wá ń dé akẹtẹ̀ ńlá lé e lórí. Àwọn ọmọ kéwú mi ń rẹ́rìn-ín, àwọn náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti gbé àtẹ ata wọn bọ́ sábẹ́ òjìji. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, wọ́n wá sí àsàlátù. Wọ́n jókòó sẹ́yìn, nítòsí ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kò sì bi wọ́n léèrè ohunkóhun.