Tòmátì Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Mi

Ẹ̀yin ará ìlú ńlá tí ẹ ń ra tòmátì ní mẹ́rin-mẹ́rin lórí àtẹ, tí ẹ ń wò ó sọ́tùn-ún wò ó sósì kí ẹ tó yọ owó, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan fún yín. Ibì kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá yìí tí tòmátì ti ń di ẹrù sí ọrùn ẹni tí ó gbìn ín. Ìpáò-Èkìtì ni ibẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, ní apá àríwá Èkìtì, níbi tí igbó ti ń tán lọ tí ọ̀dàn ti ń bẹ̀rẹ̀, tí ilẹ̀ Kogí kò sì jìnnà mọ́. Ibẹ̀ ni ìyá mi ń gbé.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní, "Ẹrù kẹ̀? Ẹ kó o wá fún wa jàre!" Ọ̀rọ̀ ò rọrùn bẹ́ẹ̀. Tòmátì kì í ṣe iṣu. Iṣu á dúró dè ọ́ nínú abà títí ìwọ yóò fi wá ọkọ̀. Tòmátì tó pọ́n lónìí, bó bá fi di ọjọ́ kẹrin nínú òjò oṣù keje, omi ló ń dà sílẹ̀ yẹn.

Ẹ̀rù ló gbé tòmátì dé ẹ̀yìnkùlé wa. Tẹ́lẹ̀, oko ìyá mi jìnnà sílé. Ó ń gbin iṣu, ó ń gbin ẹ̀gẹ́, tòmátì kàn jẹ́ ohun tí ó ń fọ́n sí ẹ̀bá ebè ni, èyí tí ẹyẹ bá jẹ kù ló ń gbé wálé. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé gba gbogbo agbègbè wa, oko jíjìn di ohun tí ènìyàn ń rò lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó mú àdá. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àwọn agbébọn dá àwọn ọba Èkìtì kan lọ́nà ní agbègbè Òkè-Àkó, tí kò jìnnà sí Ìpáò rárá, wọ́n sì pa méjì nínú wọn. Ọba o! Bí wọ́n bá lè fi ojú ọba gbolẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ni ti ìyá arúgbó tó ru agbọ̀n lórí?

Lẹ́yìn èyí, gbogbo àwa ọmọ fi ohùn ṣọ̀kan pé ìyá ò gbọdọ̀ dé oko jíjìn mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí ń gbé Ìbàdàn tiẹ̀ fẹ́ kí ó palẹ̀ ẹrù mọ́ kí ó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ìyá ní òun ò lọ síbì kankan.

"Kí n wá máa jókòó síwájú tẹlifísọ̀n bí ẹrù tí wọ́n gbé kalẹ̀? Ẹ ní kí n má lọ oko, mo gbọ́. Ṣé ẹ̀yìn ulé bàbá yín náà lẹ ó tún ní kí n má lọ?"

Ta ló máa dá a lóhùn?

Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé yẹn, ẹ má wò ó ní kékeré. Ibẹ̀ ni omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí láti ọjọ́ pípẹ́, ibẹ̀ ni eérú ààrò àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ ń lọ. Nígbà tí òjò rọ̀ dáadáa, ìyá mi gbin ọgọ́ta ẹsẹ̀ tòmátì síbẹ̀, ó ki igi bọlẹ̀ tì wọ́n, ó fi okùn so wọ́n mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀. Kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan so kílò 2 péré, kílò 120 nìyẹn, òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló sì ń gbé inú ilé. Kì í sì í pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń dá àjọ. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù keje, gbogbo rẹ̀ pupa fòò lẹ́ẹ̀kan náà.

Ká ní òun nìkan ló gbìn ín ni, ìbá dára. Ṣebí ẹ̀rù kan náà ló ń ba gbogbo àdúgbò? Gbogbo ẹni tí kò lè dé oko rẹ̀ mọ́ ló sọ ẹ̀yìnkùlé di oko. Ìyá mi gbé abọ́ tòmátì kan fún ìyá tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa. Ìyá náà gbà á, ó dúpẹ́ títí. Nígbà tí ó dá abọ́ padà lọ́jọ́ kejì, tòmátì ló wà nínú rẹ̀. Kò fi bú u o. A kì í dá abọ́ olóore padà lófìfo, ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹni la sì ń bù sí i.

Ẹ tún wò ó, àwa ará Èkìtì ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ tòmátì bí ará Èkó. Iyán ni tiwa, ẹ̀fọ́ àti ẹ̀gúsí ló sì ń bá iyán rìn. Tòmátì díẹ̀ ti tó ìkòkò ẹ̀gúsí kan. Àwọn alájàpá tí wọ́n ń wọlé wá ra nǹkan oko tẹ́lẹ̀, wọ́n ń ro ti ọ̀nà, wọ́n sì ń ro ti owó epo. Èyí tí ó bá rí ọkọ̀ náà, inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń dà á sí ní àdàlé, èyí tó wà nísàlẹ̀ á ti di ọbẹ̀ kí ó tó dé Ìkọ̀lé. (Ilé iṣẹ́ ìwádìí NSPRI tó wà ní Ìlọrin ti ń gba àwọn ọlọ́jà níyànjú pé kí wọ́n fi àpótí oníke rọ́pò apẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àpótí owó ni.) Tòmátì tiwa yìí sì ni èyí tí wọ́n ń pè ní tòmátì Yorùbá, tí ara rẹ̀ ní ìlà bí elégédé, tí ó kan, tí omi àti kóró kún inú rẹ̀. Kò lè bá ti Òkè Ọya du ìrìn àjò.

Èyí tó wá ká mi lára jù lọ nìyí. Mo jókòó síwájú ilé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọdé kan ń kọjá, ó di tòmátì inú ọ̀rá méjì mú tí wọ́n rán an rà ní ìsọ̀, ó sì ń tẹ tòmátì tútù tó jábọ́ lẹ́bàá ọ̀nà mọ́lẹ̀ bó ti ń lọ. Mi ò bá a wí. Ìyá rẹ̀ fẹ́ se ìrẹsì ni. Ti inú ọ̀rá nípọn, ó pupa, kò gba igi ìdáná púpọ̀. Tiwa, títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ lórí iná, ọmọ á ti sùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo Nàìjíríà ṣe rí. Lẹ́yìn Íjíbítì, àwa la wà lára àwọn tó ń gbin tòmátì jù ní Áfíríkà, síbẹ̀ à ń ra ti inú agolo. Ní ọdún 2016, ilé iṣẹ́ Dangote ṣí ilé ìlọtòmátì ńlá kan sí Kàdáwà ní ìpínlẹ̀ Kánò, tí wọ́n ní ó lè lọ tọ́ọ̀nù 1,200 lójúmọ́. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ fi dákẹ́ nítorí pé kò rí tòmátì tó. Ọdún yẹn náà ni kòkòrò Tuta absoluta, tí ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà ṣẹ̀ wá, wọ oko tòmátì ní Kàdúná àti àyíká rẹ̀, tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi kéde pé ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì. Àwọn aráàlú sọ ọ́ ní "Ebola tòmátì". Lọ́dún 2024 tí mò ń sọ yìí pẹ̀lú, owó apẹ̀rẹ̀ tòmátì fò sókè nílùú ńlá lẹ́yìn tí ẹ̀ẹ̀rùn tán, àwọn kan tilẹ̀ ń fi kúkúḿbà se ọbẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, tiwa ń jẹrà ní Ìpáò.

Nígbà tí mo ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ẹ̀gẹ́ ni mo rántí. Ẹ̀gẹ́ àti tòmátì, ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá. Àwọn ará Mẹ́síkò àtijọ́ ti ń gbin tòmátì kí òyìnbó tó tẹ ilẹ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ wọn, tomatl, ni òyìnbó yí padà, tí àwa náà tún yí ti òyìnbó padà. Àwọn Potogí ló kó ẹ̀gẹ́ wá sí etíkun wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gẹ́ dé, àwọn ènìyàn wa kọ́ bí a ṣe ń rin ín, bí a ṣe ń di í sápò, bí a ṣe ń gbé òkúta lé e kí omi olóró inú rẹ̀ lè jáde, bí a ṣe ń yan án di gaàrí. Àwọn tó ti oko ẹrú Bràsíìlì padà wálé wà lára àwọn tó mú ọgbọ́n náà gbilẹ̀. Iṣu ní èlùbọ́, àgbàdo ní àjà, igbá ní irú, ata náà ní gbígbẹ. Tòmátì nìkan la gbà wọlé láì bi í pé níbo ni yóò sùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ojútùú tirẹ̀. Lórí fóònù ló ti sọ ọ́: "Ìyá, ẹ̀yin náà ẹ wo nǹkan. Kí lẹ tún ń gbìn ín fún? Ẹ sinmi!" Ìyá mi ò fèsì. Ó gbé fóònù fún mi, ó lọ jókòó sẹ́bàá ààrò. Kì í ṣe owó tòmátì ló ń rò. Obìnrin tí ó ti ń fún ènìyàn ní nǹkan láti ìgbà èwe rẹ̀, oko ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá kù díẹ̀ kí wọ́n ní kí ó gbé ọwọ́ lé itan. Mo mọ̀ pé bí tòmátì yẹn bá jẹrà tán lójú gbogbo wa, ẹjọ́ Ìbàdàn ti borí nìyẹn. Mo gba àyè ọ̀sẹ̀ méjì níbi iṣẹ́, mo ká apá aṣọ sókè.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe, ìyá mi ló mọ̀ ọ́n, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló sì kọ́ ọ. Ẹ mọ̀ pé bí a bá fẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́n kíákíá, a ń fi èyí tó ti pọ́n kan sáàárín wọn nínú ìkòkò ni. Afẹ́fẹ́ kan ni èso tó pọ́n ń tú jáde tí ń jí àwọn yòókù. Ìyá ní ká yí ọgbọ́n náà padà sẹ́yìn. A bẹ̀rẹ̀ sí í já tòmátì nígbà tí ojú rẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n, a tẹ́ ẹ sórí ẹní nínú yàrá tútù láì jẹ́ kí ọ̀kan gun ọ̀kan, a sì ń ṣa èyí tó bá pọ́n tán kúrò láàárọ̀ lálẹ́. Ìyẹn fún wa ní bí ọjọ́ mẹ́wàá sí i.

Sísá ò rọrùn. Oòrùn wo ló wà nínú oṣù keje? Àjà òkè ààrò ni a gbé e lé, a là á sí méjì, a fi iyọ̀ díẹ̀ pa á lára, a tẹ́ ẹ sórí àwọ̀n tí a fi ń yan ẹja. Ìdá márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún tòmátì ni kì í ṣe omi, nítorí náà kílò 10 tó bá gbẹ tán kì í tó kílò 1. Ó gba òórùn èéfín bí ẹja yíyan. Mo rò pé ìyá á ní ká dà á nù, àfi bó ṣe rún un sínú ẹ̀gúsí. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bù kún iyán lẹ́ẹ̀mejì!

Ṣùgbọ́n ìgò ló gbà wá. Ará Faransé kan, Nicolas Appert, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ohun àdídùn ṣíṣe, ló rí ọgbọ́n yìí láyé ogun Napoleon. Ó ń ki oúnjẹ sínú ìgò, ó ń dé e pinpin, ó sì ń se ìgò náà nínú omi. Lọ́dún 1810, ìjọba Faransé fún un ní 12,000 owó franc, ó sì kọ ìwé kí gbogbo ayé lè mọ̀ ọ́n ṣe. Òun alára ò mọ ìdí tí oúnjẹ náà ò fi bà jẹ́. Ó tó bí àádọ́ta ọdún kí Louis Pasteur tó fi hàn pé ohun alààyè tí ojú ò lè rí ni iná ń pa.

A da omi gbígbóná lé tòmátì, a bó o, a rọ́ ọ, a jọ̀ ọ́ lásẹ́ kí kóró kúrò, a sì gbé e kaná títí ó fi nípọn. Ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò bí ti oyin la lò, pẹ̀lú ọmọrí tuntun tí kò dípẹtà, a sì ti fi omi híhó ṣan gbogbo rẹ̀. Ṣíbí ìmùkọ kan omi ọsàn wẹ́wẹ́ la fi sí ìgò kọ̀ọ̀kan tí kò ju ìdajì lítà lọ, torí kíkan ni kì í jẹ́ kí májèlé hù nínú oúnjẹ adé-pinpin. Ìdí nìyẹn tí a ò fi fi àlùbọ́sà tàbí tàtàṣé sí i. Ó di ọjọ́ tí a bá fẹ́ se ọbẹ̀. Àkísà wà nísàlẹ̀ ìkòkò kí ìgò má baà fọ́, omi bo ìgò mọ́lẹ̀, ó hó fún ìṣẹ́jú 40. Èyí tí ọmọrí rẹ̀ bá wú lẹ́yìn náà, dídànù ni, ẹ má ṣe tọ́ ọ wò.

Ìgò 31 ni a rí ṣe. Ìyá mi ò gbà kí n kó wọn sí ilé ìdáná, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló kó wọn sí, ó fi ẹní bò wọ́n. Nígbà tí ọdún Kérésì dé, tí tòmátì ti tán lẹ́yìnkùlé gbogbo àdúgbò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgò kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ láti ilé dé ilé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó lè fi tòmátì dá abọ́ padà. Ìyá ẹ̀gbẹ́ ilé wa wá fúnra rẹ̀, ó ní kí ó kọ́ òun.

Ó fi ìgò mẹ́fà rán awakọ̀ sí Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi pè lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ó ní ìyàwó òun fi ọ̀kan se ọbẹ̀, àwọn ọmọ lá àwo. Mo ń retí kí ó tún dá ọ̀rọ̀ kíkó ẹrù sílẹ̀, kò dá a. Ó béèrè bóyá ìyá nílò ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbé tòmátì ró fún ọdún tó ń bọ̀. Ìyá ní òun ní igi. Ó ní ìgò ni kí wọ́n dá padà, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, pẹ̀lú ọmọrí tuntun.