Òkun, Okùn, Okun: Lẹ́tà Kan Náà, Ọ̀rọ̀ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀



Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń rojọ́ pé àmì ohùn Yorùbá ti le jù. Èsì mi ni pé kí n kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì márùn-ún sójú pátákó: though, through, cough, bough, thought. Lẹ́tà mẹ́rin kan náà, o-u-g-h, ló wà nínú gbogbo wọn. Síbẹ̀, lẹ́nu wa, "o" ni wọ́n ń dún nínú èyí àkọ́kọ́, "u" nínú èkejì, "ọf" nínú ẹ̀kẹta, "ao" nínú ẹ̀kẹrin, "ọ" nínú ìkarùn-ún. Kò sí òfin tó lè la èyí yé ọmọdé, àkọ́sórí ni. Àwọn ọmọ wa ń há a sórí, wọn kì í ráhùn.

Ohun tó fà á ni pé láyé àtijọ́, gh yìí ní ìró tirẹ̀, ìró ọ̀fun tó jọ èyí tí àwọn ará Scotland ṣì ń pè ní ìparí loch. William Caxton gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1476. Díẹ̀díẹ̀, àkọtọ́ dúró sójú kan, ṣùgbọ́n ìró kò dúró. Ó pòórá nínú ọ̀rọ̀ kan, ó di f nínú òmíràn. Lẹ́tà nìkan ló ṣẹ́ kù, bí ilé tí onílé ti kó jáde.

Ẹ wá wo tiwa. Òkun ni omi ńlá. Okùn ni a fi ń so ẹran mọ́lẹ̀. Okun ni agbára, òun ló wà nínú òwe pé okun inú la fi ń gbé tòde. Bí a bá tún yọ àmì ìsàlẹ̀ kúrò, ọ̀kùn, ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀, yóò wọ́ wọ àárín wọn. Nínú tiwa, ìró kò kó lọ síbì kan. Àwa la lé e jáde. Láti 1852 ni àmì ohùn ti wà nínú ìwé gírámà Samuel Ajayi Crowther.

Wọn a ní ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá yóò mọ̀ ọ́n látinú gbólóhùn. Òótọ́ ni, bí gbólóhùn bá wà. Orúkọ ìlú ńkọ́? Lójú ọ̀nà Òṣogbo sí Iléṣà, ọmọ àbúrò mi tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀n ka IBOKUN lára pátákó, ó ní:

"Bàbá, ṣé okùn ni wọ́n máa ń ṣe níbẹ̀ ni?"

Mo sọ ìtàn tí àwọn Ìjẹ̀ṣà ń pa fún un: ojú Odùduwà fọ́, wọ́n ní omi òkun ni oògùn rẹ̀, Ajíbógun ló sì rìn títí dé etí òkun tó bù ú wá. Bù àti òkun ló di bòkun: u pa jẹ, ohùn ìsàlẹ̀ dúró. Ibẹ̀ ni orúkọ Ìbòkun ti wá, ibẹ̀ náà ni oyè Ọwá Obòkun ti ṣẹ̀. Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀.

"Kí ló dé tí wọn ò kọ òkun sí i?"

N kò rí èsì tó dára fún un. Gẹ̀ẹ́sì kò lè pe ìró tó ti kú padà. Tiwa wà láàyè. Àmì kékeré kan lórí o ló kù kí àlejò tó ń kọjá mọ̀ pé ẹnìkan ti ìlú yìí rìn dé òkun nítorí bàbá rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ orúkọ ìlú tiyín lónìí, kí ẹ sì fi àmì sí i. Ire o.