Ohun tí Kọ̀ǹpútà Rí nínú Káàdì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọ̀rọ̀ yìí bá ìtàn Edward Thorp mu. Onímọ̀ ìṣirò ọmọ Amẹ́ríkà ni, ọdún 1932 ni wọ́n bí i. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní MIT, ó kọ́ èdè kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní FORTRAN fúnra rẹ̀, ó sì gbé ìbéèrè kan síwájú ẹ̀rọ IBM 704: ǹjẹ́ ẹni tó ń ta blackjack lè borí ilé tẹ́tẹ́? Ẹ̀rọ náà fi hàn pé ó ṣeé ṣe, nítorí káàdì tó bá ti jáde kò sí nílẹ̀ mọ́; àwọn tó ṣẹ́ kù ló ń sọ ibi tí àǹfààní wà.

Ní 1961, àwọn ọlọ́wọ́ kan gbé 10,000 dọ́là lé e lọ́wọ́, ó di Nevada. Wọ́n fẹ́ kó fi owó ńlá bẹ̀rẹ̀, ó kọ̀; owó kékeré ló fi ń dán ìmọ̀ rẹ̀ wò. Nígbà tí wọn yóò fi parí, owó náà ti lé ní ìlọ́po méjì. Ní 1962, ó tẹ ìwé *Beat the Dealer* jáde.

Ọ̀nà ìkà tó gbajúmọ̀ jù lẹ́yìn náà ni Hi-Lo, tí Harvey Dubner gbé kalẹ̀ ní 1963. Bí káàdì 2 sí 6 bá jáde, òǹkà yóò fi 1 kún un. 7 sí 9 kò yí i padà. Bí 10, káàdì alaworan tàbí ace bá jáde, yóò yọ 1 kúrò. Bí àpapọ̀ bá ga, káàdì ńlá ló pọ̀ nínú èyí tó kù, àǹfààní sì ń sún mọ́ òǹkà.

Láti mọ ọ̀nà tó sàn jù, àwọn onímọ̀ bíi Julian Braun ti IBM jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa pín káàdì fúnra rẹ̀, ní àìmọye ìgbà, kí wọ́n tó ṣírò èrè àti àdánù.

Ṣùgbọ́n àǹfààní tí ẹ̀rọ rí kò sábà ju bí 1 nínú 100 lọ. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ta ní ìgbà mílíọ̀nù kan láìpẹ́ yóò gba ènìyàn tó ń ta á ní ìgbà 100 ní wákàtí kan ní 10,000 wákàtí: 1,250 ọjọ́, bó bá ń jókòó fún wákàtí 8 lójúmọ́. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, àdánù lè ti gba gbogbo ọwọ́ rẹ̀. Ebi kì í pa kọ̀ǹpútà, owó ilé ìwé ọmọ kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe tẹ́tẹ́ ni ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí kọ́ lára Thorp. Ohun tí gbogbo ayé gbà pé kò ṣeé ṣe, ó ṣírò rẹ̀ kó tó gbà á gbọ́. Nígbà tó sì tó àkókò láti fi owó dán an wò, ó fi kékeré bẹ̀rẹ̀.